Òógùn Ẹni Tí Kò Sí Níbẹ̀

Páírésì ni orúkọ tí àwọn oníṣòwò fíìmù, orin àti kọ̀ǹpútà ní Èkó ń pe kí èèyàn ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ẹlòmíràn, yálà fún títà tàbí fún lílò, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kò sí ẹni tó ń jiyàn pé òfin Nàìjíríà lòdì sí i. Ibi tí àríyànjiyàn wà ni irú ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí olè bá wọlé lóru tó gbé tẹlifíṣọ̀n lọ, ilẹ̀ á mọ́, onílé á bá àyè rẹ̀ lófìfo. Ẹni tó da fíìmù kọ sínú fláàṣì kò mú ohunkóhun kúrò níbi tó wà. Fíìmù náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kò dín, kò sì bàjẹ́. Kí ló wá sọnù? Ta ló jẹ gbèsè, ta ni wọ́n sì jẹ ní gbèsè? Ní agbègbè Ikeja àti Agege, níbi tí ọjà kọ̀ǹpútà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Nàìjíríà ti múlé ti ilé iṣẹ́ ńláńlá, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ìṣe àwọn èèyàn ń dáhùn ìbéèrè yìí lójoojúmọ́, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀.

Computer Village ló yẹ kí a ti kọ́kọ́ wò ó. Ilé gbígbé ló wà ní òpópónà Otigba àti àwọn òpópónà tó yí i ká kí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe àti àwọn tó ń tà á tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìsàlẹ̀ ilé níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1990. Ọjà náà fẹ̀ débi pé ó ti pẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó o lọ sí Katangowa, lápá Agbádó-Òkè Odò. Ẹni tó gbé láptọ́ọ̀pù wá síbẹ̀ kí wọ́n bá òun fi Windows sí i yóò bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lábẹ́ àǹbùréèlà, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, tí wáyà rẹ̀ so mọ́ jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn. Ohun tí ọmọkùnrin náà máa kọ́kọ́ ṣe ni pé ó máa pa Defender, ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, nítorí pé bí ẹ̀ṣọ́ náà bá jí, yóò mú fáìlì tó fẹ́ lò. Lẹ́yìn náà ni yóò ki fláàṣì bọ̀ ọ́, tí yóò tẹ fáìlì tí wọ́n ń pè ní kíráàkì. Fèrèsé dúdú kan á ṣí lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà funfun á sáré kọjá nínú rẹ̀, á sì pa dé. Láti ìgbà náà lọ, Windows á máa sọ fún ẹni tó bá béèrè pé òun ti gba àṣẹ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni oníbàárà ń ṣe, ó lè ní kí wọ́n fi CorelDRAW kún un, wọ́n á sì tún dúnàádúrà díẹ̀.

Owó ti yí ọwọ́ púpọ̀ kí iṣẹ́ yìí tó parí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ni iwájú ṣọ́ọ̀bù gba owó àyè. Ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ gba owó iná, ilé epo gba tirẹ̀, ilé iṣẹ́ fóònù gba owó dátà tí wọ́n fi dáńlóòdù kíráàkì náà, dáńfó tó gbé oníbàárà wá láti Agege gba owó ọkọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni á sọ fún pé kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé nǹkan le. Àwọn tó kọ sọ́fítíwià tí gbogbo ìrìn àjò náà tìtorí rẹ̀ wáyé nìkan ni kò gba nǹkan kan, ìdí rẹ̀ ò sì jù pé wọn kò sí níbẹ̀.

BSA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ sọ́fítíwià lágbàáyé, fojú bù ú pé nínú 100 sọ́fítíwià tí wọ́n fi sórí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà ní 2011, 82 ni kò ní àṣẹ. Ní 2017 iye náà jẹ́ 80, nígbà tí ti gbogbo ayé lápapọ̀ jẹ́ 37. Àwọn oníṣòwò ló ka iye yìí fún ara wọn, nítorí náà ìṣọ́ra ni kí a fi gbà á. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lo ayédèrú ni ì bá ra ojúlówó. Ọ̀pọ̀ wọn ì bá kúkú pa nǹkan náà tì. Síbẹ̀, bí a bá tilẹ̀ gé iye náà sí ìlàjì, ó ṣì fi hàn pé ìwà yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀daràn díẹ̀ kan tó fara pamọ́. Ó ti di ìṣe gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn tí kò lè fọwọ́ kan ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò wọn láé. Bí ènìyàn rere bá ń ṣe ohun kan láì rí i bí ẹ̀ṣẹ̀, a lè sọ pé wọ́n ti bàjẹ́. A sì lè sọ pé nǹkan kan wà nínú ohun náà tí ojú ẹ̀rí ọkàn wọn kò tètè tó. Èkejì ló sún mọ́ òtítọ́.

Ohun tí páírésì lè fi ojú ènìyàn rí hàn nínú ọ̀rọ̀ Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ọ̀gá àwọn aláwàdà. Ní 1982 ni fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Mooru jáde. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Owó tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù nígbà náà kì í ṣe kékeré, nítorí pé okùn fíìmù gidi ni wọ́n ń yà á sí kí fídíò tó gba ojú ọ̀nà. Bàbá Sàlá yá owó ní báńkì sí i. Ọ̀nà tí àwọn òṣèré Yorùbá ń gbà rí owó wọn padà ni kí wọ́n máa gbé fíìmù kiri láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n máa gba owó ẹnu ọ̀nà, bí Ògúndé, àgbà òṣèré, ti ṣe. Kí Ọ̀run Mooru tó rìn dé ibi tó yẹ kó dé, ẹ̀dà rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn páírétì, wọ́n ti dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ẹni tó ti wò ó tán ní pálọ̀ kì í tò sẹ́nu ọ̀nà sinimá mọ́. Owó kò wọlé, báńkì kò sì dẹ́kun bíbéèrè tirẹ̀. Bàbá Sàlá tún ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àdánù yẹn ni àwọn èèyàn ṣì ń sọ títí ó fi kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Àwọn ilé sinimá tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé náà kò pẹ́ di ìtàn; Pen Cinema ní Agege, orúkọ ilé sinimá ni, orúkọ ló sì kù. Páírésì nìkan kọ́ ló pa wọ́n, ìṣubú náírà àti ìbẹ̀rù àtijáde lóru wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè àkọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀dà tí àwọn páírétì ṣe kò mú kí Bàbá Sàlá má lè wo fíìmù rẹ̀. Ó ní in, ó sì pàdánù gbogbo ohun tó tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ìyẹn ni pé ohun tí fíìmù, orin tàbí sọ́fítíwià jẹ́ fún ẹni tó ṣe é kò sí nínú okùn tàbí fáìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ìgbà tí àwọn mìíràn bá fẹ́ ẹ ló wà, àti nínú ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rí i lò.

Àwọn tó ní páírésì kì í ṣe olè ní ẹsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn dúró lé. Thomas Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, kọ lẹ́tà sí Isaac McPherson ní 1813, ó sì fi èrò wé iná àbẹ́là: ẹni tó tan tirẹ̀ lára ti ẹlòmíràn gba ìmọ́lẹ̀ láì sọ onítọ̀hún sókùnkùn. Ní 1985, nínú ẹjọ́ Dowling, ẹni tó ń ṣòwò àwo orin Elvis Presley tí kò ní àṣẹ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn àwo náà kì í ṣe ẹrù olè lábẹ́ òfin tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́, nítorí pé ẹni tó rú ẹ̀tọ́ ẹ̀dà kò gbé nǹkan lọ mọ́ ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Criminal Code ti Nàìjíríà náà, ní abala 382, ohun tó ṣeé gbé láti ibì kan sí ibòmíràn ló kà sí ohun tó ṣeé jí. Ìdí nìyí tí òfin ẹ̀tọ́ ẹ̀dà fi dá dúró lọ́tọ̀: ti 1911 tí òyìnbó mú wọ orílẹ̀-èdè yìí ní 1912, ti 1970, ti 1988 tó bí NCC, àjọ ẹ̀tọ́ ẹ̀dà, ní 1989, àti èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Nítorí náà, àwọn amòfin fúnra wọn kò pe páírésì ní olè jíjà. Ẹni tó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ olè nìkan láti dá a lẹ́bi, orí yanrìn ló dúró lé.

Àṣà Yorùbá pàápàá lè dà bí ẹni pé ó gbè sẹ́yìn páírétì. Ẹsẹ Ifá, oríkì, ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó, kò sí èyí tí ẹnì kan lè sọ pé òun nìkan ló ni ín. Ìjálá tí ọdẹ kan sun ní ìlú kan lè bọ́ sẹ́nu ọdẹ mìíràn ní ìlú kejì, ẹnikẹ́ni kò ní í pè é lẹ́jọ́. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀tọ́ ẹ̀dà jẹ́ ẹrù òyìnbó. Ẹ̀rí náà kò pé. Akéwì kì í bẹ̀rẹ̀ láì júbà: ó ń júbà ọ̀gá, ó ń júbà àwọn tó ti ṣe é ṣáájú, ó ń fi orísun ohùn rẹ̀ hàn kí ó tó mú ohùn lọ. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá ń sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé, ó ń ṣe ti oko, ìyẹn sì ni owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí onírárà bá ké lójú agbo, ẹni tó kì á náwó fún un. Ọ̀rọ̀ ló jẹ́ ti gbogbo ayé. Iṣẹ́ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ń jẹun níbẹ̀, ó sì rọrùn láti bọ́ ọ, nítorí pé ojú rẹ̀ wà lójú àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Ìgbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi tí ẹni tó ni ín kò dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Giramafóònù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì mú un tàn débi gbogbo nítorí pé ẹni tó ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì méjì lè ṣe ẹ̀dà nínú yàrá rẹ̀. Fáìlì wá mú un parí. Ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n kọ́ fún àwùjọ tí gbogbo ènìyàn ń rí ara wọn ni àwọn ènìyàn gbé wọ inú òwò tí ẹnì kan kò ti rí ẹnì kejì. Wọn kò dáwọ́ ọmọlúàbí dúró. Wọ́n ṣì ń san owó fún gbogbo ẹni tó wà lójú wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní Otigba. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń san án fún ẹni tí ojú kò rí.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà di ti ẹ̀sìn, nítorí pé ẹ̀tọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀ wà lára ohun tí àwọn ẹ̀sìn ń kọ́ni gan-an. Agege yẹ fún irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilori gbé Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá rẹ̀, wá ní 1955 lẹ́yìn tó dá a sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé tó kọ ti jáde. Láàárín àwọn onímọ̀ fíkíhì, ìyẹn òfin Ìsìláàmù, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ìmọ̀ tàbí ìwé lè jẹ́ ohun ìní tí èèyàn ń tà. Àwọn àgbà ìlànà Hánáfì ní ohun ìní gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣeé dì mú tó sì ṣeé tọ́jú. Àwọn tó kù, títí kan ìlànà Málíkì tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, gbà pé àǹfààní tí èèyàn ń rí lára nǹkan náà jẹ́ ohun ìní. Muhammad Shafi, mùfútì àgbà ní Pakistan nígbà ayé rẹ̀, kò gbà pé ẹni tó kọ ìwé lè dá ẹlòmíràn dúró kó má tẹ̀ ẹ́. Taqi Usmani, ọmọ rẹ̀ tí òun náà di ọ̀gá nínú fíkíhì, gbà pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, ìgbìmọ̀ fíkíhì àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó ní Kuwait, wọ́n sì pinnu pé ẹ̀tọ́ olùkọ̀wé àti ti ẹni tó hùmọ̀ nǹkan jẹ́ ẹ̀tọ́ tí Ṣàríà dáàbò bò, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lójú. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ láàárín àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí onímọ̀ fi ìmọ̀ pamọ́. Ó lágbára fún tàfúsírù, ìyẹn ìtumọ̀ Kùránì, fún ìwé kéwú, fún ohun tí ẹ̀mí ènìyàn gbára lé. Kò dé ọ̀dọ̀ fíìmù àwàdà tàbí sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń yàwòrán káàdì ìgbéyàwó. Bákan náà, kò sí onímọ̀ tó ní kí wọ́n gé ọwọ́ ẹni tó da síídì kọ; ìjìyà yẹn ní àwọn àmúyẹ líle, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí wọ́n gbé nǹkan náà kúrò níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ yìí tààrà ni hádíìsì tí ọmọ ilé kéwú kékeré mọ̀, èyí tó ní kí wọ́n san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ.

Ọ̀dọ̀ àwọn Kristẹni ńkọ́? Òfin tó lòdì sí olè jíjà nínú Òfin Mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, wọ́n sì máa ń bá ìṣòro kan náà pàdé, pé nǹkan kò kúrò níbi tó wà. Ibòmíràn nínú Bíbélì ló bá ọ̀rọ̀ náà mu jù. Deuteronomi orí 24 àti Jakọbu orí 5 sọ̀rọ̀ lórí owó iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró lọ́wọ́ alágbàṣe, Jakọbu sì fi hàn pé owó náà fúnra rẹ̀ ń ké, igbe àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ń dé etí Ọlọ́run. Alágbàṣe inú ẹsẹ yẹn kò sí nílé ẹjọ́, kò sì lágbára láti béèrè. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fi sọ́fítíwià tí wọ́n ti fi kíráàkì ṣí gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri lọ́jọ́ Ìsinmi gbọ́dọ̀ ka ẹsẹ yìí pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Níbi tí àṣà, Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kristẹni ti pàdé nìyẹn. Páírésì kò jọ jíjí ewúrẹ́ gbé. Ó jọ kí èèyàn jẹ owó iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́: ìrẹ́jẹ ni, ìrẹ́jẹ kò sì fúyẹ́ ju olè lọ nínú ọ̀kan nínú àwọn ìlànà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kan lè sọ pé òun kò bẹ òṣèré níṣẹ́, pé ẹni tí a kò bẹ̀ kò lè béèrè owó. Òótọ́ ni pé kò sí gbèsè lọ́rùn ẹni tí kò wo fíìmù náà. Àmọ́ ẹni tó wò ó ti gba iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ kó tó gbà á pé ẹni tó ṣe é ti sọ iye tó fi sílẹ̀ fún. Kò lè mú iṣẹ́, kó wá sọ pé òun kò mú àdéhùn tó bá a wá.

Bí àṣẹ ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣe jẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà hàn nínú orin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin ló ti fi ọwọ́ ara wọn gbé orin lọ fún àwọn oníṣòwò ọjà Alaba ní Èkó, tí wọ́n tún fi owó kún un, kí wọ́n lè fi orin wọn sínú síídì àkópọ̀ tí gbogbo dáńfó ń gbá. Òkìkí ni wọ́n ń wá, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń fi rà á. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀: Linux, LibreOffice, GIMP àti Inkscape, àwọn tó ṣe wọ́n ló ní kí ayé máa dà wọ́n kọ.

Brian Larkin, tó ṣèwádìí lórí fídíò ní Kano, fi hàn pé ọ̀nà tí àwọn páírétì là láti ta fíìmù Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà ni fíìmù Hausa gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran tirẹ̀ nígbà tó yá. A lè sọ irú rẹ̀ nípa Ìdúmọ̀tà àti Alaba: àwọn ọjà tó tan fíìmù Yorùbá dé Cotonou àti London náà ni ayédèrú rẹ̀ ti ń jáde. Àǹfààní yẹn tóbi, ó sì yẹ kí òpìtàn kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sọ gbèsè Bàbá Sàlá di sísan. Túndé Kèlání, tó ṣe Ṣaworoidẹ àti Arugbá, ti ké nípa páírésì fún ọ̀pọ̀ ọdún, Dazzling Mirage rẹ̀ tó jáde ní 2014 kò sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn páírétì. Òkìkí rẹ̀ kárí ayé. Òkìkí náà kò san owó àwọn òṣìṣẹ́ tó gbé kámẹ́rà.

Íntánẹ́ẹ̀tì mú kí ìpalára náà ṣeé fojú rí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, òṣèré Tóyìn Abraham ké gbàjarè pé wọ́n ti ń pín Malaika, fíìmù rẹ̀ tó wọ sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, kiri. Lórí YouTube, níbi tí ìpolówó ọjà ti ń mú owó wá fún ẹni tó gbé fíìmù síbẹ̀, bí ẹlòmíràn bá gbé e sórí ìkànnì tirẹ̀, owó tí ìwò kọ̀ọ̀kan mú wá á wọ àpò rẹ̀. Ẹni tó ní kò sí nǹkan tó sọnù lè lọ wo iye náà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò ti yí ọ̀nà wọn padà nítorí èyí: títa síídì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, iROKOtv ti Jason Njoku bẹ̀rẹ̀ ní 2011 láti máa ta ìwò dípò àwo, àwọn ilé iṣẹ́ sọ́fítíwià sì gbé iṣẹ́ wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí oníbàárà máa yá a lóṣooṣù. Remita, sọ́fítíwià ìsanwó tí ilé iṣẹ́ SystemSpecs ti John Ọbárọ̀ ṣe, kò ṣeé dà kọ sínú fláàṣì, nítorí pé orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà ló wà. Oníbàárà olóòótọ́ wá pàdánù nǹkan kan tí kò sí nínú ìjíròrò páírésì tẹ́lẹ̀: kò ní ohunkóhun mọ́, ó kàn ń yá a ni, ọjọ́ tí kò bá sanwó ni ilẹ̀kùn tì.

Àwáwí tó wúwo jù ni ti ìṣẹ́. Iye tí wọ́n ń ta Windows 11 fún lílo ilé jẹ́ dọ́là 139. Nígbà tí dọ́là kan kọjá 1,500 náírà ní 2024, iye náà ju 200,000 náírà lọ, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí lọ́dún náà jẹ́ 70,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá kò lè san án. Fíkíhì mọ ìnira tó ń sọ èèwọ̀ di ohun tí a lè fojú fò, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i: kí ọ̀nà mìíràn má sí, kí èèyàn má sì kọjá ohun tó nílò. Ọ̀nà mìíràn wà fún ìwé kíkọ, LibreOffice ni. Fún àwọn iṣẹ́ kan kò sí. Ẹni tí ìnira bá dì mú bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ kò pọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ṣọ́ ní géètì lójú ọ̀nà Ọba Akran, tó ń san owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ńlá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó sì ń fi sọ́fítíwià ayédèrú ṣírò èrè rẹ̀, kò lè dúró sábẹ́ àwáwí akẹ́kọ̀ọ́. Inú èrè tí èèyàn rí lórí òógùn ẹlòmíràn ni wíwúwo ẹ̀bi rẹ̀ wà.

Àwọn kan ní Microsoft lówó tó, pé kò sí ìpalára. Ẹni tí ìpalára náà dé bá ni ẹni tó fẹ́ kọ sọ́fítíwià ní Ikeja fúnra rẹ̀. Bí sọ́fítíwià ìṣirò owó ti òkè òkun bá wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Otigba, ta ni yóò ra èyí tí ọmọ Agege kọ ní ìdá mẹ́wàá iye rẹ̀? Ọjà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó tẹ́ àtẹ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí náà ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, ilé iṣẹ́ LANCOR ti Adé Oyègbọlá pe One Laptop per Child, àjọ Nicholas Negroponte tó ń ṣètò láptọ́ọ̀pù fún àwọn ọmọdé, lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, ó fi ẹ̀sùn kàn án pé ó da iṣẹ́ Kọ́nyin kọ, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé tí wọ́n ṣe kí àmì ohùn Yorùbá àti ti àwọn èdè mìíràn lè rọrùn láti tẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò gbà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ìgbà tí iṣẹ́ jẹ́ tiwa, a mọ orúkọ tí a ń pe dídà á kọ.

Ìrònúpìwàdà nínú ẹ̀sìn méjèèjì kò parí sórí ẹ̀dùn ọkàn bí ẹ̀tọ́ ènìyàn bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú Ìsìláàmù, a gbọ́dọ̀ dá a padà tàbí kí a bẹ ẹni tó ni ín kó yọ̀ǹda. Sakeu nínú ìwé Lúùkù sọ pé òun yóò fi ìlọ́po mẹ́rin san án padà. Ẹni tó ti ń lo ayédèrú lè ra ojúlówó nígbà tó bá rí owó, ó lè wo fíìmù náà níbi tí owó rẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, ó sì lè pa ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́. Ọ̀ràn tó le ni ti àwọn fíìmù Yorùbá àtijọ́ tí ojúlówó wọn ti bàjẹ́ tàbí tó ti sọnù, tó jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì àwọn páírétì ni wọ́n fi yè. Ẹni tó tọ́jú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ náà là, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di onínǹkan. Fíìmù ní ààbò fún àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ọdún tó jáde lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ẹ̀dà ti 2022, nítorí náà Ọ̀run Mooru kò ní í di ti gbogbo ayé títí ọdún 2032 yóò fi parí. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá fi ẹ̀dà rẹ̀ pawó, ó jẹ àwọn tó jogún ẹ̀tọ́ náà ní gbèsè. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjúbà ló máa kù.